Ta Ló Pè Mí? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Rírí Ohun Tí Kò Sí àti Gbígbọ́ Ohun Tí Kò Dún

  Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ mi, àárín àwọn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ náà. Ìgbìmọ̀ tó ní kí n wá bá ẹ̀yin ará wa sọ̀rọ̀ ní Sharjah níbí ní kí n mú àkòrí tó bá wù mí. Mo mú èyí tí àwọn ènìyàn wa máa ń gbé mì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ rí, tó bojú wẹ̀yìn, tí kò rí ẹnikẹ́ni? Nílé, bí ó bá ṣẹlẹ̀, ìyá àgbà á ní, "Má jẹ́ ẹ o!" A kì í jẹ́ ìpè tí a kò mọ ẹni tó pè é, pàápàá lóru. Ta ni kò tíì ki ọwọ́ bọ àpò rí nítorí pé fóònù gbọ̀n, tó yọ ọ́ tán, tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò pè? Mo rí ọwọ́ yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo gbọ̀ngàn. Ẹ wo ara yín dáadáa: orí yín pé, ẹ jẹun wá síbí, ẹ ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan nínú yín ti lọ wo abúlé tí iyanrìn bò ní Al Madam, ní ilẹ̀ Sharjah níbí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n kọ́ ilé ìlà méjì àti mọ́sáláṣí kan síbẹ̀ fún àwọn ẹbí Al Ketbi. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi kó jáde, iyanrìn sì gba yàrá lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ní àlùjọ̀nnú ló lé wọn. Èmi kò wá síbí láti jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ni títì tó lọ síbẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, ẹ ó rí omi tó tẹ́ rẹrẹ níwájú. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ ọn ni òun náà ń sún síwájú. Omi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú yín rí wà. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lórí ọ̀dà ló tẹ̀ ẹ́, tó fi dà bíi pé láti ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bí ẹ bá gbé fóònù, tí ẹ yà á, yóò hàn nínú fọ́tò.

Ẹni tó rí okùn lókùnkùn tó pè é ní ejò, okùn ló ṣì mú. Okùn sì wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí à ń sanwó wò ní Museum of Illusions ní Al Seef, irú ìyẹn ni. Dókítà ará Faransé kan, Esquirol, ló la ààlà yìí ketekete ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ṣi ohun tó wà mú, ọ̀tọ̀ ni kí ó rí, kí ó gbọ́, kí nǹkan fọwọ́ kàn án, nígbà tí ohunkóhun kò sí níbẹ̀. Èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Kò sí fóònù tó lè ya fọ́tò rẹ̀.

Èdè wa kò fún un ní orúkọ kan ṣoṣo. A ní "ó ń ríran", a ní "ó ń gbọ́ ohùn", a ní "ara ń rìn ín". Ohun kan sì wà nínú èdè wa tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá dé iwájú dókítà ilẹ̀ yìí: Yorùbá máa ń gbọ́ òórùn. Etí ń gbọ́, imú náà ń gbọ́. Ẹni tó bá fi gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ń gbọ́ nǹkan tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó jẹ́ pé òórùn rọ́bà tó ń jó ló ní lọ́kàn, ohùn ni dókítà máa kọ sílẹ̀. Á fún un ní oògùn ohùn. Bẹ́ẹ̀, ibi tí òórùn ti ń wá kì í sábà jẹ́ ibi tí ohùn ti ń wá. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo bá sọ ní alẹ́ yìí, ẹ má gbàgbé èyí: ọ̀nà tí nǹkan náà gbà wọlé, ìbáà ṣe ojú, etí, imú, ahọ́n tàbí awọ, òun ló ń júwe ibi tí a ó ti wá àìsàn náà, bí àìsàn bá wà rárá.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ojú kọ́ ló ń ríran. Ojú ń gbé ìmọ́lẹ̀ wá, etí ń gbé ìró wá. Ọpọlọ ló jókòó sínú òkùnkùn agbárí, tó ń pinnu ohun tí wọ́n jẹ́. Kì í sì í dúró de ìròyìn tán kí ó tó dá àbá. Bí ẹ bá wà láàárín ariwo ọjà Naif, tí ẹnì kan pe orúkọ tó jọ tiyín, ọpọlọ á ti parí orúkọ náà fún yín kí etí tó gbọ́ ọ tán. Àbá dídá yìí ló ń jẹ́ kí a lè wa mọ́tò, kí a lè mọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi ẹnu dídì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn láti ìta bá dín kù, tàbí tí ọpọlọ bá rẹ̀, tàbí tí ibà tàbí májèlé bá dà á rú, àbá á jókòó sórí àga òtítọ́.

Ohun mìíràn wà. Bí ènìyàn bá fi ìka ara rẹ̀ tọ́ abíyá rẹ̀, kì í pa á lẹ́rìn-ín. Bí ẹlòmíràn bá tọ́ ọ, á fò sókè. Ìdí ni pé ọpọlọ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó máa ń fi àmì "èmi ni" sí i. Ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ nínú ọkàn náà ní àmì yìí. Ní ọdún 1993, McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ya àwòrán ọpọlọ àwọn aláìsàn nígbà tí ohùn ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n rí i pé agbègbè Broca, èyí tí ènìyàn fi ń to ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni náà ló ń sọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀; àmì náà ló já. Nítorí náà, bí àbúrò yín bá ní òun ń gbọ́ ohùn, ẹ má sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ mi yìí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sídìí etí, nítorí ibẹ̀ ni ìyà ti pọ̀ jù. Ohùn kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tó kàn ń pe orúkọ, ìyẹn ti gbogbo wa. Ọ̀kan wà tó ń ròyìn ohun tí ènìyàn ń ṣe: "Ó ti dìde, ó ń wẹ̀, ó ń wọ bàtà." Ọ̀kan wà tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìjíròrò bíi pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń bú u láti òwúrọ̀ di alẹ́. Èyí tó léwu jù ni èyí tó ń pàṣẹ: fò sílẹ̀, má jẹun yẹn, wọ́n ti fi nǹkan sí i, kọ́kọ́ gba ẹ̀mí ẹni yẹn kí ó tó gba tìrẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó ń gbọ́ ohùn ni, "Kí ni ó ń ní kí o ṣe?" Ẹ̀yin náà lè bèèrè rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í ti ènìyàn sí nǹkan náà. Ó máa ń jẹ́ kí ó mí kanlẹ̀ pé ẹnì kan bi òun.

Ohùn tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, tó ń jiyàn, tó ń pàṣẹ, ó sábà máa ń jẹ́ ti àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia, tàbí ti ìbànújẹ́ ọkàn tó ti jìn, tàbí ti oògùn olóró. Àwọn kan rò pé àìsàn òyìnbó ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wo àìsàn yìí ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Ìbàdàn wà lára ibùdó wọn, pẹ̀lú London, Moscow, Agra, Cali àti àwọn yòókù. Ohùn ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ibẹ̀. Ohun tí ohùn ń sọ ló yàtọ̀. Tanya Luhrmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ọgọ́ta aláìsàn sọ̀rọ̀, ogún ní California, ogún ní Accra, ogún ní Chennai ní Íńdíà, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ohùn wọn burú, ogun àti ẹ̀jẹ̀ ni. Ní Accra, ọ̀pọ̀ ní Ọlọ́run ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀, bí ìdajì wọn sì ní ohùn àwọn dára ju kí ó burú lọ. Ní Chennai, ìbátan ló ń gbani níyànjú tàbí tó ń bá ènìyàn wí lórí iṣẹ́ ilé. Èyí fi hàn pé ilé tí a ti tọ́ni, àti bí àwọn tó yí ni ká ṣe ń fọ̀rọ̀ lọni, ń wọ inú ohùn náà lọ. Ẹni tí a bá ń bú, ohùn rẹ̀ náà lè máa bú u.

Àwọn bàbá wa mọ èyí kí wọ́n tó kọ ìwé nípa rẹ̀. Dókítà Thomas Adeoye Lambo, nígbà tó dé ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, kò ti àwọn aláìsàn rẹ̀ mọ́lé. Ó ní kí ìbátan kọ̀ọ̀kan bá tirẹ̀ wá, kí wọ́n gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n sùn nílé bí ènìyàn lálẹ́. Gbogbo ayé wá wò ó. Kí ó tó débẹ̀ rárá, àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa ti ń fi igi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Dókítà Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1960. Láti ara irú igi yẹn ni wọ́n ti rí reserpine ní ọdún 1952, ọ̀kan lára oògùn àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó fi tọ́jú àìsàn náà. Mo sọ èyí kí ẹni tó bá ń rò pé ilé ìwòsàn àti àwọn baba wa ń bá ara wọn jà lè simi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé asofẹ́yẹjẹ tí a kò wọ̀n lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tí ènìyàn á ṣubú lulẹ̀. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.

Ojú. Ìyá kan wà tí mo bá pàdé ní Al Nahda. Ó wá wẹ ọmọ fún ọmọbìnrin rẹ̀. Glaucoma ti jẹ ojú rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló kù. Ọmọ rẹ̀ ní kí n wá wò ó nítorí pé kì í fẹ́ wọ yàrá mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Nígbà tó ku èmi àti ìyá nìkan, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn ọmọdé kan wà lórí wọ́dúróòbù. Wọ́n dé fìlà. Wọn kì í sọ̀rọ̀." Mo ní, "Bí ẹ bá di ojú ńkọ́, mà?" Ó ní, "Wọ́n á lọ." Ó ti rí wọn fún oṣù mẹ́ta. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ìdí tí kò fi sọ: obìnrin arúgbó, nínú ilé tí ọmọ tuntun wà, tó ní òun ń rí àwọn ọmọdé kéékèèké lórí wọ́dúróòbù. Orúkọ wo ni wọn ì bá fún un?

Ohun tó ń ṣe ìyá yìí ní orúkọ. Ní ọdún 1760, Charles Bonnet, ọ̀mọ̀wé kan ní Geneva, kọ ìtàn bàbá rẹ̀ àgbà, Charles Lullin, ẹni ọdún 89, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, tó ń rí ọkùnrin, obìnrin, ẹyẹ, kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti ilé tí kò sí níbẹ̀, tó sì mọ̀ pé wọn kò sí níbẹ̀. Ojú ti dákẹ́, ọpọlọ tó ti mọ iṣẹ́ ojú ń ya àwòrán fúnra rẹ̀. Àwọn àwòrán náà kì í ní ohùn. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ìgbàgbé arúgbó. Mo sọ fún ìyá náà. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé kí n sọ fún ọmọ mi?" Mo ní, "Ẹ sọ fún un báyìí, mo wà níbí." Àwọn ọmọdé náà ṣì ń wá, ṣùgbọ́n ó ń wọ yàrá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó bá ń rí nǹkan, tí kò gbọ́ ohùn kankan, pàápàá tí ó jẹ́ àgbàlagbà, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó wo ọkàn rẹ̀. Ibà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní ọdún 2007 pé kò sí ibà ẹ̀fọn ní ilẹ̀ yìí mọ́. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ìsinmi dé láti Ìjẹ̀bú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ń gbóná, tó wá ń bá ògiri sọ̀rọ̀, dókítà ibí lè má ronú kan ibà rárá bí ẹ kò bá sọ ibi tó ti dé. Ibà tó bá gun ọpọlọ ń pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Mefloquine tí àwọn kan ń lò láti dènà ibà náà lè jẹ́ kí ènìyàn máa rí ohun tí kò sí. Láti ọdún 2013 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù sára rẹ̀.

Ooru ńkọ́? Òfin ilẹ̀ yìí ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago 12:30 sí aago 3:00 ọ̀sán, láti 15 oṣù Kẹfà títí di 15 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ má jẹ́ kí owó díẹ̀ mú yín rú u. Ẹni tí ooru bá wọ̀ lára á kọ́kọ́ máa sọ kántankàntan, á máa rí ohun tí kò sí, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Kì í ṣe àdúrà ló kọ́kọ́ nílò; omi tútù lára rẹ̀, òjìji, àti ọkọ̀ aláìsàn, nọ́ńbà 998.

Ọtí náà wà níbẹ̀. Sharjah nìkan ni wọ́n ti fòfin de ọtí pátápátá nínú ẹ̀mírétì méjèèje ilẹ̀ yìí. Ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́ ní ibòmíràn, tó wá kó dé ibí, tó sì dá a dúró lójijì, lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí eku àti kòkòrò lára ògiri ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, àágùn á bò ó. Ìyẹn lè pa á. Ẹ má bá a wí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Imú. George Gershwin, olórin ńlá ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó ní ọdún 1937. Wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Kókó ló ń hù nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó kú ní oṣù Keje ọdún náà, ẹni ọdún 38. Òórùn burúkú tó ń dé lójijì, tó ń dúró fún ìṣẹ́jú kan péré, tí ojú ẹni náà á sì lọ bíi pé kò sí níbẹ̀, irú wárápá kan ni, kò ní í gbé ènìyàn ṣubú dandan. Àìsàn imú, orí fífọ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti kòrónà náà lè fa òórùn tí kò sí. Àwọn ará ibí ní ìtàn obìnrin kan, Umm Al Duwais, arẹwà tí òórùn dídùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé, tó sì ń pa ọkùnrin. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń ronú nípa ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ òórùn lóru, tí kò rí ẹni tó ni ín. Ti ahọ́n kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti imú: ìtọ́wò irin tàbí ìkorò tí kò sí lẹ́nu. Oògùn tí ẹni náà ń lò ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Àfi bí ó bá ń sọ pé májèlé ni wọ́n fi sí oúnjẹ òun, tó sì ti kọ oúnjẹ. Ìyẹn ti kúrò ní ti ahọ́n.

Ara. "Ara ń rìn mí" wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra. Lẹ́nu ẹlòmíràn, àárẹ̀ àti ìdààmú ló ń sọ. Lẹ́nu ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, iṣan ẹsẹ̀ ló ń kú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ òun, tó ń fi abẹ yọ ọ́, oògùn olóró ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè, pàápàá kokéènì. Ẹni tí ẹ̀rọ gé lápá tó sì ní ìka ọwọ́ náà ṣì ń dun òun, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Láti ọdún 1871 ni dókítà Silas Weir Mitchell ti sọ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n gé lápá àti lẹ́sẹ̀. Ọpọlọ ṣì ní àyè ọwọ́ náà nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ̀yin sikiọ́ríìtì, ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri, tiyín rèé. Mo mọ bí ẹ ṣe ń sùn. Ènìyàn mẹ́jọ nínú yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì-spéèsì, ẹni kan ń dé, ẹni kan ń jáde, iná kì í kú. Ní ọdún 1964, ọmọ ọdún 17 kan ní San Diego, Randy Gardner, fi wákàtí 264 ṣe àìsùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó ti ń wo pátákó ojú títì bí ènìyàn. Àwọn kan nínú yín kò sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó sáré sọdá níwájú ọ̀kadà yín lórí Al Ittihad Road, tí ẹ tẹ bíréèkì, tí ẹ kò rí i mọ́, ẹ má lọ wá ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ lọ sùn.

Nígbà tí ẹ bá sì sùn tán, tí ojú là, tí ẹ kò lè gbé ọwọ́, tí nǹkan dúdú kan jókòó sórí àyà yín, tí ẹ fẹ́ pe orúkọ Jésù tàbí orúkọ Allah tí ohùn kò jáde? Nílé, ogun òru là ń pè é. Àwọn oníṣègùn wa méjì, Aina àti Famuyiwa, kọ̀wé nípa ogun òru ní ọdún 2007. Àwọn ènìyàn sábà máa ń gbé e lọ sí ilé àdúrà àti ilé ìṣègùn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí a bá ń lá àlá, ọpọlọ máa ń de ara mọ́lẹ̀ kí a má bàa dìde ṣe ohun tí à ń lá. Nígbà mìíràn ojú á là kí ọpọlọ tó tú ara sílẹ̀. Àlá ṣì ń lọ, ojú ti là, méjèèjì bá pàdé. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tí oorun rẹ̀ kò ní àkókò kan pàtó, àti ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lálaalẹ́, tàbí tí ẹni náà ń jà lójú oorun, ó yẹ kí dókítà wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wa ti sin bàbá tàbí ìyá lórí WhatsApp. A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní Satwa tàbí Abu Shagara, a wo pósí tó ń wọlẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, a sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a gbọ́ ikọ́ bàbá nínú yàrá kejì. Ọwọ́ ìyá kan èjìká wa. Ní ọdún 1971, Dewi Rees, dókítà kan ní Wales, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ láàárín opó ọkùnrin àti obìnrin 293 jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ní olóògbé náà ṣì ń wà lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn kan rí i, àwọn kan gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó sì tu púpọ̀ nínú wọn nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ikọ́ yẹn, ara yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹ lè sọ ọ́ fún ara yín.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la ni abísínwín. Obìnrin bímọ, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kò sùn, kò fẹ́ sùn, ó ń sọ̀rọ̀ wàìwàì, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, tàbí ohùn kan ní kí ó ṣe ọmọ náà ní nǹkan. Obìnrin kan sí méjì nínú ẹgbẹ̀rún tó bímọ ló ń ṣe. Ẹ má fi òun àti ọmọ náà sílẹ̀ nìkan fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà. Ó ń san, ó sì ń san dáadáa bí a bá tètè gbé e dé.

Níbo la ó gbé e lọ? Yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, bó bá le. Ní Dubai, ilé ìwòsàn Al Amal ní Al Awir, ti àìsàn ọpọlọ nìkan ni. Mo mọ ohun tó ń ba àwọn kan lẹ́rù: kí wọ́n má gba físà aláìsàn náà, kí wọ́n má lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ nọ́ńbà 10 ti ọdún 2023 lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin ti ọdún 1981, dáàbò bo àṣírí aláìsàn àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ń fi iṣẹ́ àti físà sínú ewu ni kí ẹ fi í pa mọ́ títí tí yóò fi bọ́ sí títì níhòòhò, tí ọlọ́pàá á fi gbé e.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ní kí ẹnikẹ́ni fi tírà, ońdè tàbí ẹ̀bu dúdú ránṣẹ́ gba pápákọ̀ òfuurufú. Iṣẹ́ oṣó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí, àwọn aṣọ́bodè Dubai sì ti gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Oògùn ọpọlọ tí dókítà nílé kọ fún yín náà, ẹ gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbàdúrà. Mo máa ń gbàdúrà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin wòlíì àti ẹ̀yin àáfà tó wà níbí, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run tí ẹ ń sìn: bí wọ́n bá gbé ẹni tó ń gbọ́ ohùn wá bá yín, ẹ má lù ú, ẹ má ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi, ẹ má ní kí ó dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì bá wọn tẹ̀lé e dé ilé ìwòsàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tí ohùn ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mo máa wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn títí di aago mẹ́wàá. Mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ wá jókòó tì mí.